Kẹ̀kẹ́ Tí Wọ́n Fi Okùn Wọ̀n

[Fóònù ń dún. Ó pẹ́ kí wọ́n tó gbé e.]

TÀJÚDÍNÌ: Hẹ̀lóò! Ta nìyẹn? Nọ́ńbà ibo rèé?

MALICK: Àsàlámù àlékùn, Bàbá. Ẹ kú ọ̀sán o. Ẹ kú ilé. Ṣé àlàáfíà lẹ wà?

TÀJÚDÍNÌ: Wàálékùn sàlámù. A dúpẹ́. Ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀? Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ sọ pé mo jẹ lọ́tìrì, mi ò ní káàdì báńkì o.

MALICK: [ẹ̀rín] Rárá, Bàbá. Bouaké ni mo ti ń pè. Ṣé ẹ̀yin ni Bàbá Tàjúdínì tó ń ta ẹ̀yà kẹ̀kẹ́ lọ́jà níbí nígbà kan?

TÀJÚDÍNÌ: Bouaké?

MALICK: Bẹ́ẹ̀ ni. Àdúgbò Koko. Ṣé ẹ gbọ́ mi?

TÀJÚDÍNÌ: Mo gbọ́ ọ. Ta ló kú?

MALICK: Kò sẹ́ni tó kú, Bàbá. Mo kàn—

TÀJÚDÍNÌ: Bí wọ́n bá ti pe arúgbó láti ìdálẹ̀, òkú ni wọ́n fẹ́ túfọ̀. Sọ ọ́, mo ti jókòó.

MALICK: Ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ni. Kẹ̀kẹ́ lásán.

TÀJÚDÍNÌ: [Ó wúkọ́.] Kẹ̀kẹ́ wo?

MALICK: Vélo de course. Kẹ̀kẹ́ ìje, èyí tí ọwọ́ ẹ̀ tẹ̀ bí ìwo àgbò. Ilé wa ló wà. Mo fẹ́ mọ ẹni tó ṣe é ni. Ọ̀gbẹ́ni kan ń bọ̀ láti Abidjan wá gbé e, Aboubacar, ó ń kó kẹ̀kẹ́ àtijọ́ jọ. Ó ti dé Djébonoua báyìí, kò ní pẹ́ wọlé. Ó fẹ́ kọ orúkọ ẹni tó ṣe é mọ́ ọn lára. Oṣù márùn-ún ni mo ti fi ń wá a, Bàbá! Mo fi fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn òyìnbó kan lórí internet. Ọ̀kan ní iṣẹ́ àwọn ará Lyon, ní ilẹ̀ Faransé, ni. Ìkejì ní irọ́ ni, ará Belgique ló ṣe é. Àwọn méjèèjì ti ń bú ara wọn báyìí.

TÀJÚDÍNÌ: Ta ni bàbá ẹ?

MALICK: Ẹ má bínú, mo gbàgbé. Malick ni mò ń jẹ́. Ọmọ Jubril. Jubril aláṣọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́sálásí.

[Ìdákẹ́jẹ́ẹ́.]

MALICK: Bàbá? Ṣé ẹ gbọ́ mi?

TÀJÚDÍNÌ: Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Ibo lo ti rí nọ́ńbà mi?

MALICK: Nínú fóònù bàbá mi. "Tàjú Kẹ̀kẹ́" ló pè yín níbẹ̀. Mo wá ní ẹni tó bá ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ á mọ nǹkan kan nípa kẹ̀kẹ́.

TÀJÚDÍNÌ: Nínú fóònù Jubril.

MALICK: Bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá mi ti... Wọ́n ti ṣaláìsí, Bàbá. Oṣù kẹjọ rèé.

TÀJÚDÍNÌ: Mo gbọ́.

MALICK: Ẹ gbọ́?

TÀJÚDÍNÌ: Wọ́n kéde ẹ̀ ní mọ́sálásí wa níbí, l'Ógbómọ̀ṣọ́. Ọlọ́hun á fọ̀run kẹ́ ẹ.

MALICK: Àmín. Wọ́n máa ń pè yín. Mo rí i nínú fóònù yẹn. Ọdún tó kọjá nìkan, ẹ̀ẹ̀mẹrìnlá. Ẹ ò gbé e lẹ́ẹ̀kan—

TÀJÚDÍNÌ: Kẹ̀kẹ́ lo ní o fẹ́ béèrè. Béèrè kẹ̀kẹ́.

MALICK: Ẹ má bínú.

TÀJÚDÍNÌ: Mi ò bínú. Béèrè.

MALICK: Ó dáa. Kò sí orúkọ lára ẹ̀. Kò sí numéro, kò sí nǹkan kan. Mo dojú ẹ̀ dé, mo fi tọ́ọ̀ṣì wo abẹ́ ẹ̀ títí. Ibi tí àwọn ọ̀pá ti pàdé, idẹ ni wọ́n fi jó o pọ̀. Wọ́n wá fi fáìlì gbẹ́ etí ojú ìjó yẹn bí ewé.

TÀJÚDÍNÌ: Ewé kí ni?

MALICK: Ewé... Orí ẹ̀ ṣẹnu ṣónṣó, ìdí ẹ̀ fẹ̀, ó pín sí méjì. Bí ewé iṣu.

TÀJÚDÍNÌ: [ẹ̀rín díẹ̀] Wọ́n ń gbin iṣu ní Lyon?

MALICK: Bàbá! Ẹ mọ̀ ọ́n!

TÀJÚDÍNÌ: Mi ò sọ pé mo mọ̀ ọ́n. Mo bi ọ́ bóyá wọ́n ń gbin iṣu ní Lyon ni.

MALICK: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n parí ẹ̀. Ohun tó rú mi lójú jù ni irin pẹ́dà. Méjèèjì ò dọ́gba. Tòsì kúrú. Wọ́n gé e láàárín ni, wọ́n tún jó o pọ̀, idẹ ẹ̀ ṣì ń dán. Aboubacar ní ó ní láti jẹ́ pé irin yẹn já lọ́jọ́ kan ni mẹkáníìkì burúkú kan fi ọwọ́ bà á jẹ́.

TÀJÚDÍNÌ: Òun gan-an ló burú.

MALICK: Ẹ ní?

TÀJÚDÍNÌ: Sọ fún un pé òun gan-an ló burú. Ta ló ń gùn ún?

MALICK: Kẹ̀kẹ́ yìí? Kò sẹ́ni tó ń gùn ún.

TÀJÚDÍNÌ: Nígbà tí bàbá ẹ wà láyé ńkọ́? Ṣebí ó ń gùn ún lọ ọjà Marabadiassa.

MALICK: Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?

TÀJÚDÍNÌ: Èmi ni mò ń bi ọ́.

MALICK: Rárá o. Kẹ̀kẹ́ dúdú kan ni wọ́n ń gùn lọ Marabadiassa, èyí tó ní kẹ́ríà lẹ́yìn, wọ́n á di aṣọ ọjà sí i. Wọ́n ti jí ìyẹn. Eléyìí, abẹ́ àjà ni wọ́n so ó rọ̀ sí nínú yàrá. Àná ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Bàbá mi ò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án rí. Mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, mo gun àga, mo fi ìka kan táyà ẹ̀ báyìí. Wọ́n nà mí. Bàbá mi tí kì í na ènìyàn! Ẹ̀ẹ̀kan yẹn náà ni wọ́n nà mí láyé mi.

TÀJÚDÍNÌ: Ó nà ọ́.

MALICK: Tìtorí kẹ̀kẹ́ tí wọn ò gùn! Kí n sọ òtítọ́ fún yín, Bàbá? Ìdí ẹ̀ nìyẹn tí mo fi fẹ́ gbé e dànù. Gbogbo wọn ti lọ. Ìyá mi ti wà l'Ábidjan lọ́dọ̀ Qoreebah, ẹ̀gbọ́n mi. Èmi nìkan ló kù síbí. Ọjọ́ Ẹtì ni mo máa dá kọ́kọ́rọ́ padà fún onílé. Tí mo bá wúkọ́, ilé ló ń dá mi lóhùn. Mo máa ń dùbúlẹ̀ sábẹ́ kẹ̀kẹ́ yìí, mo máa ń wò ó, mo ní: ìwọ, kí lo fi sàn jù mí lọ?

[Ewúrẹ́ kan ń ké lọ́nà jíjìn.]

TÀJÚDÍNÌ: Malick.

MALICK: Bàbá.

TÀJÚDÍNÌ: Sún mọ́ ọn. Wo ojú táyà ẹ̀.

MALICK: Ó ti gbẹ, Bàbá. Ó ti sán.

TÀJÚDÍNÌ: Sísán kọ́. Irun. Táyà tuntun máa ń ní irun rọ́bà wínníwínní lára. Tí ènìyàn bá gùn ún dé títì tó padà, ó ti fá a nìyẹn.

MALICK: Irun rọ́bà? Ẹ dúró. [Ìṣísẹ̀. Nǹkan kan ṣubú.] Ó wà níbẹ̀.

TÀJÚDÍNÌ: Wò ó dáadáa.

MALICK: Ó wà níbẹ̀, ó yí i ká. Tiwájú. Tẹ̀yìn náà. Ó rí bí irùngbọ̀n tèmi.

TÀJÚDÍNÌ: Má purọ́ fún àgbàlagbà o.

MALICK: Wàláhì, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n yà á ránṣẹ́—

TÀJÚDÍNÌ: Fóònù mi ò gba fọ́tò. Ẹnu ẹ ni mo ní. Fọwọ́ kàn án.

MALICK: Mo ti fọwọ́ kàn án. Ó ń rin mí lọ́wọ́.

TÀJÚDÍNÌ: Lá ìláhà ilà Láhù. Jubril.

MALICK: Bàbá? Kí ló dé?

TÀJÚDÍNÌ: Ṣé sípánà wà lọ́dọ̀ ẹ? Tú ìjó... kó o fa... jáde...

MALICK: Ó ń já! Réseau ò dáa. Ṣé ẹ gbọ́ mi?

TÀJÚDÍNÌ: Mo ní tú ìjókòó ẹ̀! Fa ọ̀pá ìjókòó jáde! Ṣé o gbọ́ mi?

MALICK: Mo gbọ́. Sípánà wà níbí, clé treize. [Ìró irin.] Ó há, Bàbá. Kí n fi òòlù—

TÀJÚDÍNÌ: Má lù ú! Òòlù kọ́! Fi orúnkún di táyà ẹ̀yìn mú, kó o máa yí ìjókòó díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń ṣí ìgò.

[Irin ń ha irin. Ó dúró. Ó tún ń ha.]

MALICK: Ó ti ń bọ̀. Ó ń bọ̀... Ó jáde! Bàbá, nǹkan kan so mọ́ ìdí ẹ̀. Okùn ni. Wọ́n fi gíríìsì kùn ún. Wáṣà kékeré kan wà lẹ́nu ẹ̀. Kí lèyí?

TÀJÚDÍNÌ: Kókó mélòó ló wà lára ẹ̀?

MALICK: Ẹ kọ́kọ́ sọ fún mi, kí lèyí?

TÀJÚDÍNÌ: Sùlàímọ́nù nìyẹn. Sùlàímọ́nù wẹ́dà. Òun ló ṣe kẹ̀kẹ́ yẹn, ní Koko tó o wà yẹn, lẹ́yìn ilé oníbúrẹ́dì. Kẹ̀kẹ́ ìje mẹ́ta tó ti dá ni wọ́n kó wá láti ìlú Wàgà, ara wọn ló ti yọ ọ̀pá. Sùlàímọ́nù ò mọ ìwé. Kò mọ nọ́ńbà kan. Okùn ló fi ń wọn ènìyàn bíi télọ̀, á ta kókó síbi tí gbogbo nǹkan bá mọ. Tó bá jó kẹ̀kẹ́ tán, á so okùn náà sínú ẹ̀. Ó ní bí kẹ̀kẹ́ bá dá lẹ́yìn tí òun kú, ẹni tó bá fẹ́ tún un ṣe á bá ara olówó ẹ̀ nínú ibẹ̀.

MALICK: Koko! [ẹ̀rín] Ojoojúmọ́ ni mò ń gba iwájú oníbúrẹ́dì yẹn kọjá! Àwọn òyìnbó ń jà lé e lórí, Anango, Yorùbá bíi tiwa, ló ṣe é!

TÀJÚDÍNÌ: Ewé iṣu yẹn, abúlé ìyàwó ẹ̀ ló ti wò ó. Baoulé, ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, ni ìyàwó ẹ̀. Kókó mélòó?

MALICK: Mẹ́rin. Láti ẹnu wáṣà... méjì àkọ́kọ́ sún mọ́ra gan-an. Ìka mẹ́ta ló wà láàárín wọn. Ẹ dúró, kí n wọn ara mi. Láti gìgísẹ̀ lọ sókè... Ó kúrú fún mi. Bàbá mi sì ga jù mí lọ. Kì í ṣe bàbá mi ni wọ́n wọ̀n, nígbà náà.

TÀJÚDÍNÌ: Malick—

MALICK: Ẹ má sọ ọ́! Ẹ jẹ́ kí n wá a fúnra mi. Kókó méjì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Kí ni ènìyàn ní méjì tó yẹ kó dọ́gba? Ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ kan kúrú. Ìdí nìyẹn tí pẹ́dà òsì fi kúrú! Kò já, wọ́n dìídì gé e ni! Olówó kẹ̀kẹ́ yìí ń tiro, ẹsẹ̀ òsì ló sì... Bàbá, fọ́tò kan wà lára ògiri níbí. Bàbá mi àti ọkùnrin kan, lọ́jọ́ Iléyá, wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú. Búlọ́ọ̀kù kan wà lábẹ́ ẹsẹ̀ òsì ọkùnrin yẹn. Mo máa ń rò pé fáàrí ló ń ṣe.

TÀJÚDÍNÌ: Onífọ́tò ló fi síbẹ̀. Kí èjìká mi lè bá ti bàbá ẹ dọ́gba.

MALICK: Kẹ̀kẹ́ yín ni.

TÀJÚDÍNÌ: Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Sùlàímọ́nù parí ẹ̀. Ọjọ́bọ̀ ni ìbọn dún ní Bouaké, ogun dé. Mi ò tíì jókòó lé e rí. Ọkọ̀ tó kó wa lọ, ènìyàn ń rọ̀ lẹ́yìn ẹ̀ bí àdán, ibo ni wọ́n fẹ́ gbé kẹ̀kẹ́ sí? Mo yí i dé ọ̀dọ̀ Jubril. Mo ní àmánà ni o. Mo ní tó bá di Iléyá, mo ti dé.

MALICK: Àmánà.

TÀJÚDÍNÌ: Ṣé wọ́n kọ́ yín ní ìyẹn níléèwé Faransé?

MALICK: Ilé kéwú ni wọ́n ti kọ́ mi. Ohun tí wọ́n bá fi pamọ́ sọ́wọ́ ẹ, o ò gbọ́dọ̀ lò ó. Ọmọ ẹ náà ò gbọ́dọ̀... Kí ló dé tí wọn ò sọ fún mi? Wọn ì bá kàn ní, Malick, kì í ṣe tèmi. Gbólóhùn kan péré.

TÀJÚDÍNÌ: Wọ́n ń kó ẹrù àwọn tó sá lọ nígbà yẹn. Tó bá sọ fún ọmọ, ọmọ á sọ fún ọmọ. Ó jọ pé àìsọ ọ́ ló wá mọ́ ọn lára.

MALICK: Ẹ̀yin náà ò sì wá.

TÀJÚDÍNÌ: Mi ò wá.

MALICK: Ẹ ò gbé fóònù wọn.

TÀJÚDÍNÌ: Mọ́rúfù kan wà, dírẹ́bà, ó ń wakọ̀ láti ọ̀hún wá sílé. Ó jókòó sínú pálọ̀ mi, ó ń jẹ ẹran mi, ó ní òun rí Jubril lórí kẹ̀kẹ́ ní Marabadiassa, ó ń gùn ún bí ọba. Mi ò béèrè pé kẹ̀kẹ́ wo. Kẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo ló wà láyé lójú tèmi.

MALICK: Dúdú ni, Bàbá. Oníkẹ́ríà.

TÀJÚDÍNÌ: O ti sọ ọ́. Mo ránṣẹ́ sí bàbá ẹ. Mo ní kó má kí mi mọ́ láyé, kó má kí mi lọ́run. Ó fèsì pé kí n wá wo nǹkan mi. Mo ní ẹlẹ́nu dídùn. Tó bá pè, mo máa dojú fóònù dé orí ẹní, màá jẹ́ kó dún, dún, dún, títí ó fi máa rẹ̀ ẹ́. Ìyàwó mi ti kú, àwọn ọmọ wà l'Ékòó. Nígbà mìíràn, òun nìkan ló ń pè mí láàárín oṣù. Ṣé o gbọ́ mi?

MALICK: Mo ń gbọ́.

TÀJÚDÍNÌ: Mo rò pé o ti lọ.

MALICK: Mi ò lọ. Bàbá, ọdọọdún, tí Iléyá bá ku ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n máa ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Wọ́n á fi epo sí ṣéènì. Wọ́n á gbé ìdí ẹ̀ sókè, wọ́n á fi ọwọ́ yí pẹ́dà. Wọ́n á nu gbogbo ara ẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tuntun. Tí Iléyá bá kọjá, wọ́n á tún so ó padà. Mo rò pé wọ́n fẹ́ràn ẹ̀ jù wá lọ ni.

[Ewúrẹ́ yẹn tún ké.]

MALICK: Bàbá? Ṣé ẹ gbọ́ mi? Crédit mi ti fẹ́ tán o.

TÀJÚDÍNÌ: Mo wà níbí.

[Wọ́n ń kan ilẹ̀kùn.]

ABOUBACAR: [láti ìta] Malick! C'est Aboubacar!

MALICK: Òun nìyẹn. Ó ti dé. Kí ni kí n sọ fún un? Nǹkan yín ni, ẹ pàṣẹ.

TÀJÚDÍNÌ: Ojú mi kan ló ń ríran, Malick. Orúnkún mi ti kọṣẹ́. Ibo ni mo fẹ́ gùn ún lọ?

MALICK: Mi ò béèrè ìyẹn, Bàbá. Mo ní kí n fún un ni, àbí kí n má fún un?

[Wọ́n tún kan ilẹ̀kùn.]

TÀJÚDÍNÌ: Má fún un.

MALICK: [Ó yí ẹnu kúrò lẹ́nu fóònù.] Aboubacar, pardon! Kẹ̀kẹ́ ò lọ mọ́! Mo ti rí olówó ẹ̀!

ABOUBACAR: Quel propriétaire? Tu m'as dit que c'est à ton père!

MALICK: Attends un peu! [Ó padà sí fóònù.] Ó ń bínú. Ó ní ti bàbá mi ni mo pè é fún òun.

TÀJÚDÍNÌ: Ó jàre. Ṣílẹ̀kùn fún un, fún un lómi tútù, ọ̀nà jìn. Kó o kọ orúkọ Sùlàímọ́nù sínú ìwé fún un, kó lọ fi han àwọn ará Lyon. Ṣùgbọ́n dúró ná. Dúró. Ṣé o gbọ́ mi?

MALICK: Mo gbọ́.

TÀJÚDÍNÌ: Gbé ìdí ẹ̀ sókè, bí bàbá ẹ ṣe máa ń ṣe. Fi fóònù sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, kó o yí pẹ́dà fún mi. Mi ò tíì gbọ́ ohùn ẹ̀ rí.

[Fóònù kan ilẹ̀. Ṣéènì kọ́kọ́ ń họ, lẹ́yìn náà ó ń ṣàn. Ìró wínníwínní bẹ̀rẹ̀, kẹ́kẹ́kẹ́kẹ́, ó ń yára.]

MALICK: [láti òkèèrè] Ṣé ẹ gbọ́ ọ?

TÀJÚDÍNÌ: Má sọ̀rọ̀.

[Táyà ń yí. Ìró ẹ̀ ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀.]

TÀJÚDÍNÌ: Má jẹ́ kó dúró.

MALICK: Kò ní dúró.

[Táyà tún yára.]

TÀJÚDÍNÌ: Jubril. Jubril, dákun, mo—

[Ìpè já.]